Bí Ọ̀gá Àgbà Ṣe Lọ Gba Oyè Máásítà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ka ìwé yìí, ẹ dìde díẹ̀ ná. Ọ̀gá Àgbà ló ń bọ̀ yẹn. Bí ẹ kò bá dìde, èmi kò ní bá yín jà, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà níléeṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbà síṣẹ́ nítorí kó lè máa ṣọ́ ẹni tí kò tètè dìde, ojú ọkùnrin náà sì mú.

Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà jákèjádò ìlú ni Ọ̀gá Àgbà ń darí. Láràárọ̀, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti yọ lẹ́nu géètì, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ pa iṣẹ́ tì, kí wọ́n tò sórí àtẹ̀gùn. Ẹnì kan á ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ẹnì kan á gba báàgì, ẹnì kan á gba ìgò ojú. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan gbà á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á máa sáré tẹ̀lé wọn bí ẹni tó gbé ẹrù tó wúwo. Bí Ọ̀gá bá wúkọ́, gbogbo wọn á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà!" Bí kò bá wúkọ́, Akọ̀wé rẹ̀ á ní, "Ẹ kú àìwúkọ́, sà." Akọ̀wé yìí ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Ọkùnrin náà ti mi orí "bẹ́ẹ̀ ni" títí ọrùn rẹ̀ fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mi ti "bẹ́ẹ̀ kọ́".

Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà lórí tábìlì Ọ̀gá. Wọ́n ń nù ún lójoojúmọ́, ó ń dán. Ọ̀gá kì í fọwọ́ kàn án, àfi tó bá fẹ́ fi kóòtù rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹnu ni ọkùnrin náà fi ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Atẹ̀wé ló ń tẹ̀lé e kiri, ó so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ọrùn bí ẹni tó ń kiri ọjà, gbogbo gbólóhùn tó bá ti ẹnu Ọ̀gá jáde ló sì ń tẹ̀. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ òun kò gbọdọ̀ sùn lójú ọ̀nà. Wọ́n wá ṣe ẹ̀rọ náà débi pé bí Atẹ̀wé bá ti tẹ ọ̀rọ̀ tán, ó di àṣẹ lójú ẹsẹ̀. Òǹtẹ̀ Ọ̀gá á bà lé e, á sì dé orí fóònù gbogbo òṣìṣẹ́ àti ti Bọ́ọ̀dù tó yàn án sípò lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ tó sọ pé, "Ooru yìí mà pọ̀ o," ohun tí gbogbo wọn rí gbà ni: "Àṣẹ láti ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà: Ooru yìí mà pọ̀ o." Wọ́n ṣèpàdé lé e lórí, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé ooru pọ̀ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin àṣìṣe fún yín, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àlejò kan wá wo iléeṣẹ́ náà. Ọ̀gá fẹ́ fi hàn wọ́n pé kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dẹ́rù ba òun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ kan, ó fi ìka kan ṣoṣo gún bọ́tìnnì tó tóbi jù níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ké pìì, ó sì kọ ọ́ sójú gbangba: "O ti ṣe àṣìṣe. Tún un ṣe."

Àwọn àlejò sún mọ́ ọn láti kà á.

"Ta ló ń bá wí?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Kò mọ̀ yín ni, sà," ni Akọ̀wé dáhùn. "Ọmọdé ni. Ọdún tó kọjá la ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á."

"'O ti ṣe àṣìṣe'! Èmi! Mo gbé e sábẹ́ fáànù, mo ń fún un níná jẹ, ó wá ń bú mi lójú àlejò! Ẹ fún un ní kúwérì!"

Wọ́n fún ẹ̀rọ náà ní kúwérì. Nígbà tí kò fèsì, wọ́n ní ó gbójú, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì kọ ojú rẹ̀ sí ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àṣẹ jáde pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pe àṣìṣe mọ́ nínú ilé náà, ì báà ṣe ènìyàn, ì báà ṣe ẹ̀rọ. Kí làwọn òṣìṣẹ́ lè ṣe? Iṣẹ́ kò sí níta, ọmọ sì wà nílé. Wọ́n jókòó ti àwọn kọ̀ǹpútà náà, wọ́n tún wọn tò, tó fi jẹ́ pé níbi tí ẹ̀rọ bá ti fẹ́ ké gbàjarè pé nǹkan ti bàjẹ́, ohun tó máa kọ ni: "Ó tọ́, sà. Ẹ kú ọgbọ́n." Láti ọjọ́ náà ni àṣìṣe ti tán níléeṣẹ́ náà. Nǹkan ń bàjẹ́ o, ṣùgbọ́n ó ń bàjẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ibi tí Ọ̀gá ti ń jẹ ayé orí rẹ̀ lọ́wọ́ ni Bọ́ọ̀dù tó ń yan àwọn olórí iléeṣẹ́ ti gbé òfin tuntun dé. Alága Bọ́ọ̀dù, bàbá kan tí kì í pariwo, ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ ọ́ ní ọ́fíìsì Ọ̀gá.

"Ẹni tó bá máa darí iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ gba oyè máásítà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà," ló wí. "Ẹ lọ gbà á, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí ẹ ò bá rí i gbà, a ó gbé àga náà fún Igbákejì yín."

Igbákejì ni obìnrin tó tẹ̀ lé Ọ̀gá nípò. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá náà, ó ń jẹ bisikíìtì rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì di àga rẹ̀ mú. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín lórí èyí o, nítorí àánú rẹ̀ ṣe èmi pàápàá. Àga yẹn ló ní láyé. Nílé, ìyàwó rẹ̀ a máa ní kó gbẹ́sẹ̀ sókè kí òun lè gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa gba rímóòtù tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń wo ìròyìn. Orí àga yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń tà létí ẹnikẹ́ni, bí wọ́n bá sì gbà á, kò mọ ohun tí òun yóò máa jẹ́.

"Akọ̀wé," ló pè é nígbà tí Alága lọ tán, "lọ bá mi gba máásítà yìí wá. Mú dírẹ́bà dání, bóyá ó wúwo."

Akọ̀wé fọwọ́ ra ọwọ́. "Sà, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa ń lọ jókòó gbà á ní yunifásítì."

"Jókòó?" Ojú Ọ̀gá là. "Ìyẹn ò le. Ta ló mọ̀ ọ́n jókòó tó mi?"

Báyìí ni Ọ̀gá Àgbà ṣe wọ ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé àga rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọ kíláàsì. Wọ́n ti bẹ́ǹṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́yìn kí àga náà lè rí ibi yí. Akọ̀wé wọlé, ó gbé báàgì. Atẹ̀wé wọlé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́rùn. Àwọn apàtẹ́wọ́ mẹ́rin tẹ̀lé wọn. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá wá wọlé, ó dúró síwájú pátákó, ó sì gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní nǹkan kan.

"Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́! Kí ni kọ̀ǹpútà? Mo tún béèrè: kí ni kọ̀ǹpútà? Àwọn kan ní ẹ̀rọ ni. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe ẹ̀rọ lásán. Èmi tí mo ti jẹ́ baba kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú, mo wá sọ ọ́ lónìí, kí ayé gbọ́, kí ọ̀run gbọ́, pé kọ̀ǹpútà ni kọ̀ǹpútà! Àná ti lọ! Ọ̀la ń bọ̀! Òní sì nìyí, láàárín àwọn méjèèjì!"

Àwọn apàtẹ́wọ́ fọwọ́ dárà. Akọ̀wé nu ojú rẹ̀, ó ní òun ò gbọ́ irú èyí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun.

Olùkọ́ kíláàsì náà jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó ti dàgbà díẹ̀, súwẹ́tà ló wọ̀, ṣọ́ọ̀kì sì ti fọ́n sí i lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó dúró kí ariwo lọ sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ ti bo pátákó mọ́ wọn lójú." Ó yíjú sí gbogbo wọn. "Kọ̀ǹpútà kò gbọ́n. Ohun tí ẹ bá sọ fún un ló máa ṣe gẹ́lẹ́. Kò ní bi yín pé ṣé ohun tó wà lọ́kàn yín nìyẹn. Nítorí náà, kí kálukú kọ bí a ṣe ń po tíì, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, bí ẹni tó ń kọ ọ́ fún ẹni tí kò rí kẹ́tù rí."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹrí ba, wọ́n ń kọ ọ́: bu omi, tan iná, gbé kẹ́tù ka iná, dúró kó hó. Ọ̀gá ronú títí òógùn fi bò ó. Nígbà tó yá, ó pe Atẹ̀wé mọ́ra, ó sì sọ tirẹ̀ fún un.

"Ìgbésẹ̀ kìíní: Tẹ aago. Ìgbésẹ̀ kejì: Tíì dé."

Olùkọ́ kà á. "Ta ló gbé e wá, sà?"

"Wọ́n gbé e wá."

"Àwọn wo?"

Ọ̀gá yíjú sí Akọ̀wé. "Àwọn wo ni?"

"Àwọn tó bá wù yín ni, sà," ni Akọ̀wé wí.

Níléeṣẹ́, àṣẹ ti dé orí fóònù gbogbo òṣìṣẹ́: Tẹ aago. Tíì dé. Wọ́n pa iṣẹ́ tì, kálukú wá aago kan, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì gbogbo títí ọjọ́ fi rọ̀. Tíì kò dé. Gbogbo ẹni tó lè gbé e wá ló wà nídìí aago.

Òdo ni Olùkọ́ fún Ọ̀gá. Akọ̀wé rí ojú ọ̀gá rẹ̀ tó fẹ́ yí padà, ó sì sáré dá sí i. "Ẹ wò ó, sà! Àwọn yòókù gba méje, gba mẹ́jọ, nọ́ńbà wẹ́wẹ́, nọ́ńbà wíwọ́. Tiyín nìkan ló yípo tó rí rogodo, kò níbẹ̀rẹ̀, kò lópin!" Ọ̀gá wo òdo náà lẹ́ẹ̀kejì, ó rí i pé ó dára lóòótọ́. Wọ́n fi dígí sí i, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì.

Òdo ń bọ̀, òdo ń lọ, títí ògiri fi kún. Ó ku iṣẹ́ àṣekágbá, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí yóò sì gbé síwájú àwọn olùdánwò. Olùkọ́ dá Ọ̀gá dúró lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ kan. Ó ní kí àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ bọ́ síta.

"Sà, mi ò ní tàn yín. Máàkì yín burú. Iṣẹ́ àṣekágbá nìkan ló lè gbà yín. Ẹ ṣe é fúnra yín, kódà kó kéré bí omi inú ṣíbí. Bí ohun tí kò yé yín bá wà, ẹ wá bi mí."

Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀ láìmi orí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó la ẹnu, ó fẹ́ sọ fún obìnrin náà pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, òun kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yé. Ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ni Akọ̀wé ti yọjú lójú fèrèsé. "Sà, àwọn apàtẹ́wọ́ ní ọwọ́ ń yún àwọn o!" Ọ̀gá bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì, ó sì bá wọn lọ.

Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. "Mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi," ló wí. "Ẹ lọ ṣe é."

Ohun tí wọ́n bá a gbèrò ni ètò kan tí wọ́n pè ní Atọ́nà. Bí àlejò bá dé iléeṣẹ́ ńlá, yóò tẹ ohun tó bá wá sínú kọ̀ǹpútà, Atọ́nà yóò sì sọ yàrá tí yóò wọ̀ fún un. Èrò tó dára ni, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ àjà ìsàlẹ̀ kọ apá tiwọn láìbá àjà òkè sọ̀rọ̀, àjà òkè kọ tiwọn láìwo ti ìsàlẹ̀, wọ́n sì so méjèèjì pọ̀ ní kánjúkánjú. Wọ́n wá gbé e sórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ láti dán an wò. Ẹ rántí irú kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀ o.

"Ó tọ́, sà," ni ẹ̀rọ náà kọ. "Ẹ kú ọgbọ́n."

Wọ́n tún un dán wò. Ó tọ́. Wọ́n yọ ìdajì rẹ̀ kúrò láti wò ó bóyá ẹ̀rọ yóò mọ̀. Ó ṣì tọ́. Ara ẹnjiníà kan bẹ̀rẹ̀ sí í bù máṣọ. Ó fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́ ni òfin ti gbẹ́sẹ̀ lé. Ó tọ Ọ̀gá lọ, ó ní, "Sà, ó jọ pé... ó jọ pé ó tọ́ jù."

"O ṣeun," ni Ọ̀gá dáhùn. "Èmi náà ti fura sí i."

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá dán an wò. Ó ní kí Atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ pé, níbo ni ilé ìtọ̀ wà? "Ó tọ́, sà. Ẹ kú ọgbọ́n," ni Atọ́nà fèsì. "Ẹ rí i?" ni Ọ̀gá wí. "Ó ti mọ̀ pé irú mi kì í béèrè." Bàbá àlejò kan tó ń wá ilé ìtọ̀ lóòótọ́ dúró lẹ́yìn wọn, ó ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ẹsẹ̀ lọ́ ẹsẹ̀, ó sì wá ọ̀nà jáde.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gá ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jókòó sílé. Gbogbo òṣìṣẹ́ dé, wọ́n kún gbọ̀ngàn yunifásítì fọ́fọ́. Àwòrán Ọ̀gá gùn láti òrùlé dé ilẹ̀, ìka rẹ̀ na sí kọ̀ǹpútà kan láìfọwọ́ kàn án. Alága Bọ́ọ̀dù jókòó níwájú, Igbákejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Olùkọ́ àti olùdánwò méjì mìíràn sì wà nídìí tábìlì. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò fi sùn, tó jí, tó sì tún sùn padà. Ó fi Atọ́nà wé ìràwọ̀, ó fi wé afárá, ó fi ara rẹ̀ wé àwọn méjèèjì.

"Ẹ ṣeun, sà," ni Olùkọ́ wí. "Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ká wò ó. Ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ la máa ń lò fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì juwọ́ bí ọba. Wọ́n gbé Atọ́nà sórí ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì tan iná rẹ̀ sára ògiri kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ẹ̀rọ yìí kò mọ Ọ̀gá rí. Kò gba àṣẹ kankan rí. Ó ké pìì.

"Àṣìṣe ní ìlà kìíní. O kò sọ ohun tí mo máa ṣe."

Ó tún ké. "Àṣìṣe ní ìlà kejì. Àṣìṣe ní ìlà kẹta." Ọ̀rọ̀ náà ń ya lu ara wọn, wọ́n ń sáré gun ògiri lọ. Ẹ̀rù ba àwọn òṣìṣẹ́, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ náà kẹ́yìn. Àwọn kan di ojú ara wọn. Níkẹyìn, ẹ̀rọ náà kọ ọ́ pé: "Àṣìṣe yìí ti pọ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ," ó sì dákẹ́.

"Dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́!" ni Ọ̀gá ké mọ́ ọn.

"Tiwa ni, sà," ni Olùkọ́ wí jẹ́jẹ́. "Ẹ farabalẹ̀. Ẹ kàn ṣàlàyé ìlà kìíní fún wa. Ẹyọ kan náà ti tó."

Ọ̀gá wo ìlà kìíní. Ìlà kìíní náà wò ó. Ó wo Akọ̀wé, Akọ̀wé ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìtìjú wá di ìbínú, bó ṣe máa ń ṣe é. Ó gbá tábìlì, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo gbọ̀ngàn náà.

"Ẹ ń dán mi wò? Èmi tí mo jẹ́ baba kọ̀ǹpútà? Ẹ gbọ́ o! Bí èmi kò bá mọ kọ̀ǹpútà, kí n má ṣe jẹ́ Ọ̀gá Àgbà mọ́ láti òní lọ!"

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Atẹ̀wé dúró lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń dúró, ó sì ń tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀. "Ó tọ́, sà. Ẹ kú ọgbọ́n," ni kọ̀ǹpútà ọrùn rẹ̀ kọ. Lójú ẹsẹ̀, fóònù gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn dún lẹ́ẹ̀kan náà. Alága Bọ́ọ̀dù yọ tirẹ̀ lápò, ó wọ ìgò ojú, ó sì kà á sókè.

"Àṣẹ láti ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà: Bí èmi kò bá mọ kọ̀ǹpútà, kí n má ṣe jẹ́ Ọ̀gá Àgbà mọ́ láti òní lọ." Ó wo ògiri tí àṣìṣe kún. Ó wo Ọ̀gá. "Òǹtẹ̀ yín ti wà lára rẹ̀ o."

"Pa á rẹ́!" ni Ọ̀gá sọ fún Atẹ̀wé.

"Kò ní ibi ìparẹ́, sà," ni Atẹ̀wé wí. "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ ní ọ̀rọ̀ yín kò ní èyí tí à ń pa rẹ́."

Alága kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Ẹ gbọ́, ọ̀rẹ́ mi. Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kì í bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kàn sọ pé àṣìṣe ni, mà á da àṣẹ yìí nù, Olùkọ́ á fún yín láyè kí ẹ tún iṣẹ́ yín ṣe. Àṣìṣe ni, àbí kì í ṣe àṣìṣe?"

Gbólóhùn kan péré ló wà láàárín ọkùnrin yìí àti àga rẹ̀, ọmọ ọdún méjì sì lè sọ ọ́. Ọ̀gá mọ̀. Òógùn ń ṣàn wọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó la ẹnu.

"À..." ló wí.

"Ẹ sọ ọ́, sà," ni Olùkọ́ wí. Omi ti fẹ́ bọ́ lójú obìnrin náà.

"À... àṣ..." Ahọ́n rẹ̀ lọ síwájú, ó padà. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, gbogbo àwọn tó ti fi òfin de ẹnu wọn nítorí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta. Ọrùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àṣeyọrí ni!" ló fi igbe ta. "Àṣeyọrí ńlá ni! Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe fẹ́ ẹ!"

Atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́. Fóònù gbogbo ènìyàn dún. Àwọn apàtẹ́wọ́ kò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe, wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Kí àtẹ́wọ́ náà tó tán, Akọ̀wé ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá, ó ti dé ọ̀dọ̀ Igbákejì, ó ti gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bá a gbọn èérún bisikíìtì kúrò lára aṣọ. "Ẹ kú ìjókòó, mà," ló ń wí. "A ti ń retí yín ọjọ́ ti pẹ́."

Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún Ọ̀gá nígbà tó jáde. Ó dúró ti ilẹ̀kùn náà fún ìgbà díẹ̀ kó tó rántí pé ó ní ibi tí wọ́n ti ń fà á.

Ó jókòó sílé. Ìyàwó rẹ̀ fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin náà ń pàṣẹ fún fáànù, ó ń bá tẹlifíṣọ̀n jà, ó ń rìn láti pálọ̀ dé ìdáná láti wò ó bóyá ẹnikẹ́ni yóò dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin náà gbé ìgbálẹ̀ jókòó tì í.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ gbọ́. Ṣé ilé ẹ̀kọ́ yẹn lé yín ni?"

"Wọn ò lé mi. Mo kùnà ni."

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó sì yà á lẹ́nu. Òrùlé kò wó. Ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣé ẹni tó bá kùnà kò lè padà lọ ni?" ló béèrè.

Ó padà lọ lọ́jọ́ Ajé. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀. Kíláàsì ti kún kó tó dé, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún díẹ̀." Ó sún.

Olùkọ́ kọ ìbéèrè kan sí pátákó, ó sì bojú wo gbogbo wọn títí ojú rẹ̀ fi dé ẹ̀yìn. Ó rí i.

"Ẹ̀yin, sà. Kí lẹ rò?"

Ọkùnrin náà dìde. Ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń wúkọ́ láyé àtijọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí ìdúró rẹ̀, wọ́n fi bíírò sílẹ̀, wọ́n sì fẹ̀yìn ti ògiri de ọ̀rọ̀ gígùn.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà," ló wí, ó sì jókòó.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ mú ṣọ́ọ̀kì mìíràn, ó nu pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Ibẹ̀ gan-an ni kí a ti bẹ̀rẹ̀."